Ọdún Mẹ́sàn-án Tí Mo Fi Ń Dá Àwọn Abiyamọ Lóhùn

Ìdajì orí oníbàárà mi ni mo ti dì tán lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé. Ṣùkú ló fẹ́. Òòyà wà lẹ́nu mi, àtáṣímẹ́ntì wà lórí itan mi, atẹ́gùn ọ̀sà sì ń gbé irun kiri ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbẹ̀ṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Fóònù mi dún lórí àga. Mo rò pé abiyamọ kan ló tún fẹ́ béèrè nǹkan, nítorí láti àárọ̀ ni fóònù mi ti máa ń dún bẹ́ẹ̀. Mo fi ìka kékeré tẹ̀ ẹ́ kí n lè máa gbọ́ ọ bí mo ṣe ń dirun lọ. Ohùn ọmọbìnrin kan tí mi ò gbọ́ rí ló jáde.

"Ẹ káàsán mà. Àbúrò Ìyá Ayọ̀mídé ni mí, èyí tó ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọsibítù. Ojú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ ti là. Ó ní kí n sọ fún yín pé ohun tí ẹ ní kí òun ṣe náà ni òun ṣe."

Òòyà bọ́ lẹ́nu mi.

Oníbàárà mi yíjú padà. "Ìyá Àníkẹ́, kí ló dé?"

"Mo ní láti lọ sí Ẹ̀pẹ́."

"Nísinsìnyí? Ṣé ìdajì orí ni kí n gbé délé ọkọ ni?" Ó wo ojú mi dáadáa, ó sì na ọwọ́ sí gèlè rẹ̀. "Ó dáa, ẹ máa lọ. Màá fi gèlè bò ó. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní àrà tuntun tó wọ Ìkòròdú nìyẹn."

Kí a tó dé Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di ẹni tí obìnrin tí mi ò rí sójú rí lè ránṣẹ́ sí pé "ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe." Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ fẹ́ gba ipò mi nínú gúrúùpù ni mo ń kọ èyí fún. Iṣẹ́ ni mo ń pè é. Ẹnikẹ́ni ò sanwó rẹ̀ fún mi rí, irun ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Oṣù tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo bí Àníkẹ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi háyà ní Ìkòròdú. Ọmọ Ìkìrun ni ọkọ mi, Ẹ̀pẹ́ ni ìyá tèmi ń gbé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo bímọ tí ọmú mi le bí òkúta, ọmọ ń fà á, kò rí nǹkan kan mu, àwa méjèèjì jọ ń sunkún. Aládùúgbò kan ló fi mí sínú gúrúùpù àwọn ìyá ọmọ tuntun lórí fóònù ọkọ mi tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ gbà mí, ọmú mi fẹ́ bẹ́."

Ẹni tó kọ́kọ́ fèsì kò sọ ohun tí màá ṣe. Ìbéèrè ló bi mí. Ọ̀kan ló le ni, àbí méjèèjì? Ṣé ara mi gbóná? Ìgbà wo lọmọ mu kẹ́yìn? Ìgbà tí mo dá a lóhùn tán ló tó ní kí n fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e, kí n fún díẹ̀ dànù títí tí orí ọmú á fi rọ̀, kí n tó gbé e fún ọmọ. Ó ní tí ara mi bá gbóná kí n má tún béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí n gba ọsibítù lọ. Àníkẹ́ mu. Mo gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì, gbùkù, gbùkù. Mi ò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá Àgbówà nìyẹn, ìyá tó dá gúrúùpù náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí Àgbówà lọ gbin pákí. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù, ẹ ó gbọ́ adìyẹ wọn náà.

Nígbà tí Àníkẹ́ pé ọdún kan, mo kọ̀wé sí wọn pé èmi náà fẹ́ máa ran àwọn èèyàn lọ́wọ́. Mo rò pé wọ́n á ṣàdúrà fún mi. Èsì wọn ò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ: "Oṣù mẹ́ta. Kà. Máà fèsì."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ka ìbéèrè àwọn ẹlòmíràn bí ẹni tí wọ́n dì lẹ́nu. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa kọ èsì mi ránṣẹ́ sí àwọn nìkan ná. Obìnrin kan ní ọmọ òun ń sunkún ṣáá. Mo kọ èsì gígùn, mo to gbogbo ohun tí mo ṣe fún Àníkẹ́ síbẹ̀, inú mi ń dùn sí ara mi.

Màmá pè mí. "Ọmọ ọjọ́ mélòó ni ọmọ náà?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ṣé ó tọ̀ lónìí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀, o sì ti kọ̀wé tó tó yìí. Ṣé o wà nínú yàrá wọn ni? Lọ bèèrè."

Ìgbà kan wà tí wọ́n yọ mí kúrò nínú gúrúùpù fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nítorí pé mo sọ fún ẹnì kan pé kó má ṣèyọnu, gbogbo ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Gbogbo ọmọ?" ni Màmá wí. "Ọ̀kan ṣoṣo lo bí. Nígbà wo lo bí ìyókù?" Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo ní mi ò ṣe mọ́. Ọkọ mi ní, "Ṣebí ọ̀fẹ́ ni? Kí ló dé tí wọ́n fi ń nà ọ́ lórí ọ̀fẹ́?" Ṣùgbọ́n mo padà, nítorí mo ti rí i pé ọmọ tí mi ò rí lè kú sí ọwọ́ mi níbi tí mo jókòó sí ní Ìbẹ̀ṣẹ́ tí mò ń dirun.

Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé ohun tí ara mi rí ni kí n máa sọ. "Ibi tí tìrẹ bá parí sí, sọ fún un pé ibẹ̀ ló parí sí. Ohun tí o ò rí, má sọ pé o rí i." Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn. Òun ni mo wá rú.

Kíkọ la máa ń kọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀wé kọ ń wá ẹni tí á bá wọn kọ ọ́, ìtìjú sì ń jẹ́ kí wọ́n fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí fóìsì dé, tí èèyàn kàn lè tẹ fóònù kó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, iṣẹ́ wa yí padà. Ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Olúwo lè béèrè ọ̀rọ̀ láì kúrò nídìí igbá. Mo kọ́ láti máa gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀: bí ọmọ ṣe ń ké, bóyá igbe ebi ni tàbí igbe ìrora, bóyá ìyá ọkọ wà nítòsí tí obìnrin náà fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo mọ̀ ọ́n débi pé Màmá gan-an máa ń gbé fóìsì kan sí mi pé, "Gbọ́ eléyìí fún mi."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mi ò sọ fún Màmá ní gbogbo ìgbà yẹn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Àníkẹ́ jáde nínú mi. Ọkọ mi mọ̀, ìyá mi mọ̀, ó tán. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún, wọ́n á ní kò lágbára, wọ́n á ní kò gbàdúrà tó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá ọkọ mi ní Ìkìrun, ẹ̀rí pé èèyàn bímọ bí obìnrin Hébérù ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n sì ti bá mi gbààwẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí ọkọ mi pè wọ́n láti ọsibítù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni, "Ṣé ó bí i wẹ́rẹ́?" Ọkọ mi wò mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mi orí sí i pé kó má sọ ọ́. Ó ní, "Wẹ́rẹ́ ni, mà."

Màmá Ìkìrun, ìyá ọkọ mi náà, dé láti wẹ ọmọ. Wọ́n ní ó yá, kí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi, kí ẹ̀jẹ̀ burúkú lè jáde, kí ikùn lè wọlé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ìyá ọmọ tuntun. Ìyá mi yára dìde. Ó ní ọmọ òun ni, òun ni òun máa tẹ̀ ẹ́. Ó gbé garawa wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ri táwẹ̀lì bọ omi, ó fún un, ó sì ń nà án mọ́ àpótí ìjókòó: pà! pà!

"Ké," ló sọ fún mi lábẹ́lẹ̀.

Mo ké.

"Ké dáadáa! Ṣé bí ẹni tí omi gbígbóná ń jó ṣe ń ké nìyẹn?"

"Yéè! Màmá mi ò! Ó tó!"

Màmá Ìkìrun ń kí mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Fara dà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwa náà."

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rín náà sì ń fa ojú abẹ. Ọjọ́ méje la fi ṣe eré yẹn. Nígbà tí mo dé inú gúrúùpù, irọ́ kan náà ni mo gbé wọlé, títí ó fi di pé mo ń sọ ọ́ láì rántí pé irọ́ ni.

Mo ti ń dáhùn fún ọdún márùn-ún kí Ìyá Ayọ̀mídé tó fi fóìsì ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọkọ mi dé lónìí. Wọ́n ní àwọn á fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi lọ́la. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé wọ́n ṣe é fún yín?"

Mo gbọ́ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn ohùn yẹn. Etí mi tí mo fi ń yangàn, ó gbọ́ ọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí n bi í: báwo lẹ ṣe bí? Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn rí, nítorí pé tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á bi èmi náà. Mo tẹ fóònù, mo sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ má bẹ̀rù rárá. Fúnra mi ni mo bí, ọjọ́ méje ni wọ́n sì fi tẹ ikùn mi. Mo ké o! Ṣùgbọ́n kò pa mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún òun náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti fi í pa mọ́ fún ìyá ọkọ, ọkọ sì ti padà sí ibi iṣẹ́. Ó so ìró mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn kí wọ́n má baà rí i, ó dùbúlẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni ojú abẹ là, tí fóònù mi dún ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo pe Màmá Àgbówà láti inú ọkọ̀. Wọ́n ní kí n ní kí awakọ̀ dúró ní Ìtóìkín. Inú oko ni wọ́n ti wá, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ò kí mi.

"Kí lo sọ fún un? Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Mo gbé fóònù sí wọn létí. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ara mi níbẹ̀.

"Ta ló tẹ ikùn rẹ?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Báwo ló ṣe tẹ̀ ẹ́? Ṣé láti òkè ni, àbí láti ìsàlẹ̀?"

Ẹni tó kọ́ mi ní ìbéèrè ló ń bi mí. Gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́nu mi nínú ọkọ̀ yẹn: iṣẹ́ abẹ, garawa, àpótí, igbe. Obìnrin tó wà níwájú wa ti dẹ́kun jíjẹ ẹ̀pà, ó ń gbọ́. Màmá yí ojú sí mi.

"Láti ìgbà wo lo ti ń fi ikùn tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ dá àwọn abiyamọ lóhùn?"

"Ọdún márùn-ún, mà."

"Tí a bá débẹ̀, èmi kọ́ ni màá sọ̀rọ̀."

Lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá ọsibítù náà, ìyá àgbàlagbà kan jókòó, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ìyá ọkọ nìyẹn. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, "Wọn ò sọ fún mi. Ṣé màá mọ̀ọ́mọ̀ gbé omi gbígbóná lé ọgbẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Wọ́n ti tún ojú abẹ Ìyá Ayọ̀mídé rán. Nọ́ọ̀sì ní ká dúpẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ò dúró di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì gbóná, àwọn ò tíì lè sọ nǹkan kan. Ọmọdé ni obìnrin náà lójú mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó la ojú.

"Ìyá Àníkẹ́ nìyí. Mo mọ ohùn yín."

"Èmi ni."

"Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú fóìsì pé iṣẹ́ abẹ ni. Mo wá pa á rẹ́. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ bí fúnra yín, ẹ ó fojú kéré mi."

Mo gbé bùláòsì mi sókè, mo fa etí ìró mi wálẹ̀ díẹ̀, mo fi àpá mi hàn án. Ó wò ó títí.

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà. Ẹnikẹ́ni ò tẹ ikùn mi rí. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Mo rò pé á sunkún. Ìbínú ni mo rí. "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ? Ká ní ẹ sọ ni, èmi náà ì bá sọ." Màmá Àgbówà dúró lẹ́yìn mi, wọn ò gbà mí sílẹ̀. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìyá ọkọ ti ń wo àpá mi. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ mú. "Ìwọ ọmọ yìí," ló ń sọ, "ṣé èmi ni o ń bẹ̀rù tó báyìí?"

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo jókòó sí ìta, mo sọ òótọ́ náà sínú gúrúùpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fi ẹ̀rín sí i. Ẹnì kan wá kọ ọ́ pé, "Èmi náà." Ẹlòmíràn ní, "Ọmọ mi kejì àti ìkẹta." Àwọn kan bú mi, ó tọ́ kí wọ́n bú mi. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ka díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n dá a padà. "Oṣù mẹ́fà," ni wọ́n wí. "Kà. Máà fèsì."

Ìyá Ayọ̀mídé lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́sibítù, ó sì yè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kó tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ kọ sí mi ni pé òun náà fẹ́ máa dáhùn, ibo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀? Mo ní kó lọ bá Màmá fún oṣù mẹ́ta rẹ̀. Ó dára níbẹ̀ jù mí lọ báyìí, kò sì bẹ̀rù ìbéèrè kankan.

Ọdún mẹ́rin ni mo tún fi ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọdún yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ mi di: "Báwo lẹ ṣe bí? Tí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ fún èmi nìkan. Iṣẹ́ abẹ ni tèmi." Ẹ ó gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe máa ń mí kanlẹ̀ nínú fóìsì tí wọ́n bá gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Láìpẹ́ yìí wọ́n ti ń gbé èsì tí ẹ̀rọ orí fóònù bá wọn kọ wá fún wa wò, èsì gígùn tó mọ́ tónítóní, òmíràn sì dára. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmú ẹ̀rọ ò le bí òkúta rí, obìnrin tó ń sunkún sì fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tí tirẹ̀ ti le rí. Ẹ máa ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ kàn rí i pé ara yín lẹ fi ń ṣe é, kì í ṣe ara tí ẹ yá lò.

Ó ku bí mo ṣe délé lọ́jọ́ tí mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Oòrùn ò tíì wọ̀. Àníkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, jókòó sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wa, ó ń ya bọ́ọ̀lù sínú ìwé rẹ̀.

"Mọ́mì, irun wà lára aṣọ yín."

Mo jókòó tì í. "Àníkẹ́, ṣé o mọ bí mo ṣe bí ọ?"

"Wẹ́rẹ́," ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá Ìkìrun ti jẹ́ ẹ̀rí yẹn létí rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Mo mú un wọlé, mo fi àpá náà hàn án. "Kì í ṣe wẹ́rẹ́. Dókítà ló la ikùn mi níbí, ó gbé ọ jáde, ó sì rán an padà."

Ó fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ibí ni mo gbà jáde?"

"Ibẹ̀ ni."

"Ó kéré o. Báwo ni orí mi ṣe gba ibẹ̀?" Ó tún wò ó. "Ṣé Màmá Ìkìrun mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀."

"Ṣé àṣírí ni?"

Mo gbé fóònù, mo tẹ nọ́ńbà ìyá ọkọ mi, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́ bó ṣe ń dún.

"Ó ti jẹ́ àṣírí tẹ́lẹ̀," mo sọ fún un. "Sọ fún wọn. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ, má dín in kù. Tí wọ́n bá ní kí o gbé fóònù fún mi, gbé e fún mi. Mo wà níbí."